Ẹ̀rọ Tí Mo Yàn fún Radovan

Èmi ni mo ta ẹ̀rọ náà fún un. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu ẹlòmíràn ní Hradiště, kó gbàgbé èyí tó gbọ́, nítorí èèyàn mẹ́ta péré ló mọ bó ṣe jẹ́ gan-an, àwọn méjì yòókù kì í sì í sọ ọ́. Šárka lorúkọ mi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́sàn-án tí mo ti wà nídìí káńtà ilé ìtajà irinṣẹ́ wẹ́dà tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Ọkùnrin á wọlé, á wò mí látòkè délẹ̀, á ní, "Ṣé kò sí ọkùnrin kankan níbí tí mo lè bá sọ̀rọ̀?" Èmi náà á dá a lóhùn pé, "Ó wà. Ó ń gbálẹ̀ lẹ́yìn. Ṣé kí n bá yín pè é?"

Radovan ò béèrè bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé, nínú oṣù kẹta, yìnyín ṣì wà lára bàtà rẹ̀. Ó nu ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó tẹ ilẹ̀ wa tó ti dọ̀tí tẹ́lẹ̀.

"Ẹ káàsán o," ó ní. "Ẹ̀rọ wẹ́dà kékeré ni mò ń wá. Mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín."

"Kí lẹ fẹ́ máa fi jó?"

"Férémù kẹ̀kẹ́. Mo fẹ́ máa fi páìpù irin tín-ín-rín ṣe é fúnra mi. Eré ọjọ́ Sátidé lásán ni o. Láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, àwọn ọmọ ni mò ń kọ́ ní fáyólììnì, etí mi ò sì gbádùn."

Mo rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó bá mọ̀ pé òun ò mọ nǹkan, ó ṣọ̀wọ́n nílùú wa ju wúrà lọ. Mo ní ẹ̀rọ wẹ́dà tí wọ́n ń pè ní TIG ni kó rà, nítorí páìpù kẹ̀kẹ́ fúyẹ́, iná tó bá le jù á dá a lu. Mo fi hàn án bí abẹ́rẹ́ tungsten ṣe máa ń tan iná kékeré tó mú bí òwú, bí gáàsì inú sìlíńdà ṣe máa ń bò ó kí atẹ́gùn má bàa bà á jẹ́, àti bí ọwọ́ kejì ṣe máa ń fi wáyà irin bọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Mo ní kó di irin iná náà mú. Ó dì í mú bí ẹni di ọ̀pá fáyólììnì mú, ìka rẹ̀ fúyẹ́, kò le, kò rọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọkàn mi ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò ní fi pa mọ́: mo fẹ́ràn rẹ̀ kó tó mọ orúkọ mi.

Kò ra nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ó ní òun á lọ rò ó. Ó padà wá ní Sátidé kejì, ó padà wá ní ìkẹta, pẹ̀lú ìwé kékeré tó ń kọ ìbéèrè sí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ irun mi ní alẹ́ Fúráídè. Mo ti ń gbé ike koláče, àkàrà òyìnbó dídùn, wá láti ilé, mo ń ṣe bí ẹni pé ó ṣèèṣì ṣẹ́kù ni.

Sátidé kẹrin ni Dita wọlé.

Èmi àti Dita ti jọ wà láti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó wá yà mí ká lọ mu kọfí. Mo ní kó dúró kí n lọ mú ife gáàsì kan, èyí tó máa ń wà lẹ́nu irin iná, lẹ́yìn fún Radovan. Bóyá ìṣẹ́jú méjì ni mo lò. Nígbà tí mo fi máa jáde, ó ti jókòó lórí káńtà mi, ẹsẹ̀ ń fì, Radovan ń ṣàlàyé fáyólììnì fún un, koláče mi sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti jẹ ẹ́ dé ìdajì.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni Dita pè mí. "Šárka, ọkùnrin yẹn ńkọ́? Ṣé ó ní ẹnì kan?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? "Mi ò mọ̀."

"Bá mi béèrè. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Ìwọ ni alárinà mi."

Mo bá a béèrè. Radovan pọ́n bí tòmátì, ó ní kí n bá òun gba nọ́ńbà rẹ̀. Mo gbà á, mo kọ ọ́ sínú ìwé ìbéèrè rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ti mọjú, alárinà yẹ̀bá. Títí oṣù keje wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ kiri létí odò, èmi ń ta sìlíńdà.

Wàhálà tiwọn bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá Dita. Ọgbọ̀n ọdún ni Vendelín fi jó táńkì epo ọkọ̀ òfuurufú kó tó fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Níbi tiwa, wọ́n máa ń sọ pé ọwọ́ wúrà ni Ọlọ́run fún èèyàn wa. Ọkùnrin tó bá pe ẹlòmíràn wá tún ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ṣe, ojú á tì í láti jáde. Vendelín gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ju Bíbélì lọ.

"Olórin!" ó sọ lójú mi nígbà tí mo bá wọn jẹun ní ọjọ́ Àìkú kan. "Dita, tí òrùlé bá ń jò, ṣé ó máa kọrin fún un ni?"

"Bàbá, ó ń kọ́ wẹ́dà."

"Ó ń ṣeré wẹ́dà. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀." Ó fi ṣíbí tọ́ka sí mi. "Ìwọ tó ń tajà fún wọn, sọ òótọ́. Mélòó nínú àwọn eléré ọjọ́ Sátidé yẹn ló mọ ohun tó ń ṣe?"

"Kò tó nǹkan, Bàbá."

"Ó káre. Ìwọ ló yẹ kí n bí."

Dita ta mí nípàá lábẹ́ tábìlì. Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Ní ìparí oṣù kẹjọ, Dita wọ ilé ìtajà wa láàárín ọ̀sẹ̀, ojú rẹ̀ wú. Ó tilẹ̀kùn mọ́ wa. Bàbá ti gbà pé kí Radovan wá tọrọ òun lọ́jọ́ ọdún abúlé, ó ní, níwájú gbogbo ẹbí. Àmọ́ kó gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ wá, nítorí nǹkan kan wà tí Bàbá fẹ́ kó tún ṣe.

"Kí ni?"

"Agolo mílíìkì màmá mi."

Mo mọ agolo náà. Gbogbo abúlé wọn ló mọ̀ ọ́n. Ogún ọdún ni màmá Dita fi gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ láràárọ̀, ìdí rẹ̀ sì ti sán láti ìgbà tó ti kú, kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án. Alumíníọ́mù ni.

"Bàbá mú mi lọ sí ibojì màmá mi," Dita ní, "ó ní kí n búra pé mi ò ní fi ẹnu mi sọ fún Radovan. Mo búra. Àmọ́ mi ò búra pé ìwọ ò ní sọ. Šárka, jọ̀ọ́. Bàbá ní ẹ̀rọ kékeré tí gbogbo wọn máa ń rà ò lè jó alumíníọ́mù. Ṣé lóòótọ́ ni?"

"Lóòótọ́ ni," mo ní.

Ó sì jẹ́ òótọ́. Alumíníọ́mù ní awọ tín-ín-rín kan lójú tí kì í tètè yọ́. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ nìkan ló lè bó o. Ẹ̀rọ kékeré, iná tirẹ̀ ń lọ sọ́nà kan ṣoṣo ni. Inú alumíníọ́mù á ti di omi kí awọ rẹ̀ tó mọ̀, gbogbo rẹ̀ á sì wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ kì í mọ̀. Ó máa ń rò pé TIG ni TIG.

"Sọ fún un kó ra èyí tó lè jó o," Dita ní. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. "Kó o sì kọ́ ọ. Mo mọ̀ pé o lè kọ́ ọ. Ayé mi wà lọ́wọ́ rẹ o."

"Màá sọ fún un," mo ní.

Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èmi ò fi tọmọ jẹ́ ẹ, mi ò fi tẹrú jẹ́ ẹ. Mi ò jẹ́ ẹ rárá.

Radovan, tí kò tíì ra ẹ̀rọ kankan títí di ìgbà yẹn, wá ní Sátidé. Ó ní bàbá Dita ní kí òun gbé ẹ̀rọ wá, ó jọ pé ó fẹ́ wo iṣẹ́ òun. Inú rẹ̀ ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà á. Mo gbé méjì sórí káńtà. Èkíní, kìlógíráàmù márùn-ún, ó ní okùn tí èèyàn lè fi kọ́ èjìká. Èkejì tóbi, ó wúwo tó àpò símẹ́ńtì kékeré, owó rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti èkíní.

"Kí ni ìyàtọ̀ wọn?"

"Ẹni tó ń fi ṣòwò ló máa ń ra ńlá."

"Kékeré yìí, ṣé gbogbo nǹkan ló lè jó?"

Mo wo ojú rẹ̀. Ojú tó mọ́, tó gbà mí gbọ́. Mo bá ara mi sọ̀rọ̀: Šárka, sọ ọ́ báyìí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Lẹ́yìn náà mo rántí ẹsẹ̀ Dita tó ń fì lórí káńtà mi.

"Gbogbo ohun tó wà lára kẹ̀kẹ́ rẹ ló lè jó," mo ní.

Ẹ rí i, mi ò purọ́. Fún eré ọjọ́ Sátidé, fún páìpù irin tín-ín-rín, kò sí ẹ̀rọ tó dára jù ú lọ. Tí ẹ̀yin náà bá wá sọ́dọ̀ mi lónìí fún kẹ̀kẹ́, òun náà ni màá tà fún yín. Mo yọ díẹ̀ nínú owó rẹ̀ fún un. Mo tún fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ ọ lẹ́yìn ilé ìtajà, lọ́sàn-án, èmi lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ mi lórí ọwọ́ rẹ̀, "rọra, má yára, jẹ́ kí omi irin náà dé kó o tó bọ́ ọ." Ó kọ́ ọ kíákíá. Ojú iṣẹ́ rẹ̀ tò bí ẹ̀yìn ìdin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni mo gbádùn jù láyé mi, ẹni tó bá fẹ́ kó bú mi.

Ọjọ́ ọdún abúlé pé. Àwọn àbúrò Vendelín ọkùnrin ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú àgbàlá, ọtí slivovice ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Dita wọ aṣọ búlúù. Ó wò mí, ó fi ojú béèrè, mo sì mi orí fún un pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó mí kanlẹ̀.

Radovan wọlé, ẹ̀rọ kọ́ èjìká rẹ̀. Mo rí Dita tó wo ẹ̀rọ náà, kékeré, kò ju báàgì ọmọ iléèwé lọ. Àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà. Vendelín náà wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́, kí ló fẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì? Ó mọ̀. Ó lè dá a dúró. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Káàbọ̀, ọmọ mi. Sọ́kẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀ yẹn."

Ó gbé agolo náà jáde.

"Alumíníọ́mù ni, Bàbá," Radovan ní. "Mi ò tíì jó o rí."

"Ṣé kí n gbé e padà sílé?"

Àwọn àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Radovan wo Dita. Dita ti búra, kò lè la ẹnu. Ó wo èmi. Mo wo ilẹ̀.

"Màá gbìyànjú, Bàbá."

"Ó káre. Mo ti ní wáyà alumíníọ́mù fún ọ. Wò ó, mo ti gé e."

Ó kúnlẹ̀, ó fa ìbòjú wálẹ̀, iná tàn. Fún bí ìṣẹ́jú kan, kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ju pé ojú agolo náà ṣú, ó dúdú, ó wá hunjọ bí awọ mílíìkì gbígbóná. Radovan rò pé iná ò tó ni. Ó fi kún un. Vendelín rí ọwọ́ rẹ̀ tó lọ sídìí bọ́tìnì náà, kò sọ̀rọ̀. Ìdí agolo náà rì, ó já bọ́ sórí koríko lẹ́ẹ̀kan náà, ihò tó gba ìkúùkù méjì sì yọ níbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Radovan ṣí ìbòjú, ó ń wo ihò náà bí ẹni tí kò mọ ọwọ́ tó ṣe é.

"Ìyàwó mi nìyẹn," Vendelín sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ohun tó ṣẹ́kù nílé yìí lára rẹ̀ nìyẹn. O ṣeun, olórin."

"Dita," Radovan ní, "mi ò mọ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́..."

"Gbé ẹ̀rọ rẹ," Dita ní. "Kó o máa lọ."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Dita wọ ilé ìtajà. Kò jókòó.

"Šárka, mo fẹ́ béèrè lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní béèrè mọ́. Ṣé o jẹ́ iṣẹ́ mi fún un?"

Mo ṣì lè sọ òótọ́. Agolo ti bàjẹ́, àmọ́ àárín wọn ò tíì bàjẹ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Mo sọ ọ́ fún un," mo ní. "Ó ní kékeré ti tó. Ó ní òun ò ní torí agolo àlòkù kan ra ẹ̀rọ olówó ńlá."

Ó mi orí lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tó ń gba ìwé lọ́wọ́ dókítà. Kò sunkún lójú mi. Ó jáde, ó yí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ padà. Radovan kọ lẹ́tà sí i, ojú ìwé mẹ́rin. Ó kó o fún mi kí n fún un, nítorí èmi ni alárinà. Mo kà á. Lẹ́tà tó dùn ni. Mo jó o nínú ìkòkò ìdáná lẹ́yìn ilé. Nígbà tó béèrè èsì, mo ní kò gbà á.

Ọdún kan àbọ̀ lẹ́yìn náà ni Radovan fẹ́ mi, níbi ọ́fíìsì ìlú. Ìyá rẹ̀ wọ dúdú. "Ọmọ mi," ó sọ lójú mi, "o sunkún tán, o wá lọ mú ẹni tó gbé áńkáṣífù fún ọ." Radovan ní kó dákẹ́, àmọ́ kò ní irọ́ ni. Mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ìdajì ọkàn rẹ̀ tó mi. Ó ń kọ́ ọmọ ní fáyólììnì, ó ń ṣe férémù kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, mo sì máa ń bá a di páìpù mú. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ wà tó pè mí ní olólùfẹ́ láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ pè é.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ò lọ ju ọdún mẹ́rin lọ. Dita ò tíì lọ́kọ. Ó mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá forúkọ sílẹ̀ níléèwé orin, Radovan ló sì wà nídìí tábìlì. Wọn ò sọ̀rọ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ó sọ fún mi. Dita ní, "Mi ò bínú torí pé o bà á jẹ́. Torí pé mo ránṣẹ́ sí ọ tó o sì ní agolo àlòkù ni, ni mo ṣe bínú."

Radovan dé ilé lọ́sàn-án gangan. Mo ń gé knedlík, òkèlè ìyẹ̀fun sísè, lọ́wọ́.

"Iṣẹ́ wo ni Dita rán ọ sí mi?"

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, àti ẹ̀rọ, àti Mọ́ńdè, àti lẹ́tà. Nígbà tí mo parí, ara mi fúyẹ́. Ìkà èèyàn ni mí, mo mọ̀, àmọ́ ara mi fúyẹ́.

Mo rò pé ó máa lù mí. Mo rò pé ó máa kó ẹrù. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé tábìlì.

"Ìwọ ni alárinà," ó ní. "Lọ sọ fún un bó ṣe jẹ́. Kó o sì bá mi béèrè bóyá ó ṣì máa gbà mí."

"Radovan. Èmi lò ń rán?"

"Ta ni mo tún fẹ́ rán?"

"Lọ fúnra rẹ."

"Mi ò lè wo ojú rẹ̀." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe. "Lọ! Jẹ́ iṣẹ́ kan láyé rẹ!"

Mo lọ. Mo wọ bọ́ọ̀sì ọ̀sán, mo bá Dita nínú ọgbà, ó ń gé ẹ̀ka igi èso pọ́lọ́ọ̀mù. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró. Kò bú mi. Ó tẹ́tí títí dé òpin, àlùmọ́gàjí ńlá náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó sì rán ọ," ó ní.

"Ó rán mi."

"Òun náà mọ ọ̀nà ilé yìí. Kẹ̀kẹ́ ò gbà ju ìṣẹ́jú ogójì lọ." Ó gé ẹ̀ka kan, ó jẹ́ kó bọ́. "Ọdún mẹ́rin ni mo fi kórìíra rẹ̀ lórí irọ́. Tó bá jẹ́ pé òun ló dúró síbi tó o dúró sí yìí, Šárka, ní ìṣẹ́jú yìí, ǹ bá di aṣọ mi kí n bá a lọ. Sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Sọ pé tó bá jẹ́ òun ló wá ni, ǹ bá lọ. Ní báyìí, mi ò fẹ́ ẹ. Ẹ máa bá ara yín gbé."

Mo padà sílé. Ó ṣì wà lórí àga kan náà, oúnjẹ ti tutù níwájú rẹ̀. Mo sọ ọ́ bí Dita ṣe sọ ọ́, mi ò fi kún un, mi ò yọ ẹyọ kan kúrò.

Radovan gbójú sókè.

"Ṣé òun ló sọ bẹ́ẹ̀," ó ní, "àbí ìwọ?"

"Òun ni. Lọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀."

Kò gbà mí gbọ́. Kò sì lọ béèrè.